Yàrá Ìfọṣọ Ni Mo Ti Kọ́kọ́ Di Ará Àdúgbò

Lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé àkọ́kọ́ tí mo gbé lókè òkun, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fà á lé mi lọ́wọ́ fún mi ní ìmọ̀ràn kan tí mi ò béèrè. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ tí n ó fi wá ibòmíràn. "Àwọn àlejò bíi tiyín ló kún ibẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ èdè wa láéláé." Kò fi ìkórìíra sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá ire mi, mo sì gbà á gbọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti gbé àdúgbò méjì láti ìgbà náà, mo sì ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ogúnléndé. Láti èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń túmọ̀ sí èdè àwọn onílẹ̀. Mo máa ń bá wọn lọ wo ilé, mo máa ń ka ìwé àdéhùn ilé fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, mo sì máa ń padà lọ bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, ojú mi ló ṣe.

Ilé alájà mẹ́sàn-án ni ilé àkọ́kọ́ yẹn. Mẹ́ta irú rẹ̀ ló tò sí ìparí ọ̀nà bọ́ọ̀sì, níbi tí awakọ̀ ti máa ń pa iná ọkọ̀ tí yóò sì na ẹsẹ̀ díẹ̀ kó tó yí padà. Bí mo bá wo orúkọ tó wà lára àwọn àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀, mi ò lè pe ìdajì wọn. Àwọn kan sá fún ogun, àwọn kan wá iṣẹ́ wá, àwọn kan tẹ̀ lé ọkọ tàbí aya wọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ṣẹ́kù kò pọ̀, àgbàlagbà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀dà ara ògiri ṣì tutù.

Yàrá ìfọṣọ kan wà lábẹ́ ilé náà. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ fún gbogbo wa. Kò sí ẹni tó lè fọṣọ nígbà tó bá ṣáà ti wù ú. Pátákó kan wà lára ògiri tí wọ́n lẹ ìwé mọ́, ibẹ̀ ni kálukú ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ọjọ́ àti wákàtí tó fẹ́. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn dáadáa ni mo ti mọ orúkọ ọjọ́ méjèèje ní èdè wọn, tí mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka aago, nítorí pé ẹni tó bá pẹ́ dé yóò bá aṣọ tútù rẹ̀ lórí tábìlì, wákàtí rẹ̀ sì ti lọ nìyẹn.

Obìnrin àgbàlagbà kan, ọmọ onílẹ̀, ló ni àárọ̀ Ọjọ́rú. Wákàtí tèmi ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, orí lásán ló ń mì sí mi. Nígbà tó di oṣù kejì, ó fi ọwọ́ júwe fún mi pé ẹ̀rọ kẹta máa ń fa aṣọ ya, ó sì na aṣọ tirẹ̀ kan tó ti ya kí n lè rí i. A jọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí tirẹ̀ bá ti parí, kì í tètè gòkè mọ́. Yóò jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ yóò tún un sọ bó ṣe yẹ láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì èdè tí ìjọba fi mí sí dára, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gírámà. Ṣùgbọ́n a lé ní ogún nínú rẹ̀. Bí mo bá sọ gbólóhùn méjì lójúmọ́, mo ti gbìyànjú. Màmá yìí fún èmi nìkan ní ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, fún ọdún mẹ́ta.

Yàrá yẹn náà ni mo ti rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Obìnrin kan wà tí ilẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí tèmi, tó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilé náà. A kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kò wọ ilé mi rí, èmi náà kò wọ tirẹ̀. Ó kàn gbọ́ lẹ́nu màmá yẹn pé mò ń wá iṣẹ́, ó sì sọ ọ́fíìsì tí n ó lọ fún mi, ó sọ ọjọ́ tí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, ó sọ ìwé tí n ó mú dání tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ní 1973, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ lásán ni ìròyìn iṣẹ́ ti sábà ń wá, ju ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ, nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ wa mọ̀, àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ka èyí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, obìnrin yẹn ni mo rí lọ́kàn mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀.

Síbẹ̀, mo ṣe bí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe wí. Bí owó ṣe ń wọlé díẹ̀, mo kó ìdílé mi lọ sí àdúgbò tí àwọn onílẹ̀ pọ̀ sí. Igi wà níbẹ̀, ariwo kò sí, ẹ̀rọ ìfọṣọ sì wà nínú ilé fún èmi nìkan. Inú mi dùn sí ẹ̀rọ yẹn gan-an.

Kò sí ẹni tó hùwà àìda sí wa níbẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó ń kà á, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìkórìíra nìkan ló ń dá àlejò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò wa ń juwọ́ sí wa láti inú mọ́tò. Wọ́n á jáde láti inú ilé bọ́ sínú mọ́tò, wọ́n á padà láti inú mọ́tò wọnú ilé. Kò sí ibùdókọ̀ tí a ti lè jọ dúró, kò sí àga kankan níta, kò sí ohun kan tí a jọ ń lò tí yóò bàjẹ́ kí a jọ ráhùn sí i. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìgbà tí mo bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ kò tó ìka ọwọ́ kan. Èdè tí mo ti ń sọ geere bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kan mo wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ́fíìsì kan, mo sì wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹ̀rí owó sísan tì. Ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Mo jókòó lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi.

Ọmọkùnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsọ̀kò ilé wa, pápá ìṣeré rẹ̀ kò sì ní ọgbà, nítorí náà àwọn ọmọ àdúgbò kì í kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Láàárín oṣù mẹ́jọ, òun ló ń tún èdè mi ṣe. Inú ilé kan náà ni èmi àti òun ń sùn, ṣùgbọ́n àdúgbò méjì ni a ń gbé.

Ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1994 ní ìlú ńlá márùn-ún, tí Chicago àti New York wà lára wọn, níbi tí wọ́n ti ran àwọn ìdílé tálákà lọ́wọ́ láti kó kúrò ní àdúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, owó tí àwọn òbí ń rí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá nígbà tí wọ́n kó lọ ló jèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Kì í ṣe àtìpó ni wọ́n ń wádìí nínú ètò yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń bi mí bóyá àdúgbò kan dára fún àlejò, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè pé èwo nínú ìdílé náà ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo wá rí apá tó le jù, ti àwọn tí kò ní ẹnu nínú ibi tí wọn yóò gbé. Mo bá ìdílé kan, ènìyàn márùn-ún, lọ sí ìlú kékeré kan tí wọ́n pín wọn sí. Ilé náà dára ju tèmi lọ. Bọ́ọ̀sì méjì ló ń kọjá níbẹ̀ lójúmọ́. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bàbá náà sọ fún mi pé òun máa ń rìn dé etí adágún odò láràárọ̀, òun á sì padà, nítorí kò sí ibòmíràn tí ẹsẹ̀ òun lè gbé òun dé. Ní ọjọ́ tí òfin gbà wọ́n láyè, wọ́n kó lọ sí ìlú ńlá, sínú ilé alájà púpọ̀ bí irú èyí tí mo ti kúrò. Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ wa sọ pé aláìmoore ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ lọ́nà tó gbòòrò ní Sweden. Láti 1985 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń pín àwọn ogúnléndé káàkiri orílẹ̀-èdè náà, kí wọ́n má baà kó jọ sí àwọn ìlú ńlá mẹ́ta ibẹ̀, Stockholm, Göteborg àti Malmö. Èrò náà kò burú. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé bá ṣófo sí ni wọ́n ń rán ènìyàn lọ, ilé sì máa ń ṣófo níbi tí iṣẹ́ ti tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó kúrò nígbà tó yá, nígbà tó sì di 1994, òfin tuntun gba àwọn tó ń tọrọ ibi ìsádi láyè láti wá ibùgbé fún ara wọn. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Edin, Fredriksson àti Åslund, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003 lórí àwọn tí wọ́n pín káàkiri yẹn. Wọ́n rí i pé àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ń rí owó tó pọ̀ sí i níbi tí àwọn ènìyàn wọn bá ti pọ̀, pàápàá bí àwọn ènìyàn náà bá jẹ́ àwọn tó ti rí ọwọ́ mú. Ìkìlọ̀ tí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe fún mi kò mọ ìyẹn.

Mi ò sọ pé kí ìjọba má pín ènìyàn rárá. Ilé ẹ̀kọ́ máa ń kún, ilé máa ń wọ́n, ìlú kan ṣoṣo kò sì lè gbé gbogbo ẹrù. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn lórí ogúnléndé tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1951 sọ ọ́ ní abala rẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n pé ogúnléndé tó wà ní ilẹ̀ kan lábẹ́ òfin ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí yóò gbé, gẹ́gẹ́ bí àwọn àjèjì yòókù. Ẹni tó bá ti pàdánù ilé, iṣẹ́ àti ará, ó kéré tán, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ ẹnì kan níbìkan.

Ohun kan tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀ ni bí àwọn tó wà ládùúgbò náà ti pẹ́ tó. Mo ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ nínú ilé ńlá kan tí wọ́n kó àwọn ogúnléndé sí, tí gbogbo wọn dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èdè kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Mo rò pé wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n mọ̀? Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí ẹnì kan bá gbọ́ àhesọ pé iṣẹ́ wà níbìkan, ogún ènìyàn á ti dúró síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Lori Beaman, wádìí irú rẹ̀ láàárín àwọn ogúnléndé tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012: bí àwọn tó dé ní àkókò kan náà bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe máa ń ṣòro fún wọn tó, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ti dé ní ọdún mélòó kan ṣáájú bá pọ̀, ó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Obìnrin tó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilé wa yẹn tún ni. Àdúgbò tí kò bá ní ẹni bẹ́ẹ̀, èrò ló kó jọ, kò tíì di àdúgbò.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú àwọn ilé alájà yẹn tí kò dára. Mo ṣe ògbufọ̀ fún ìdílé mẹ́ta tí ẹnì kan tó ń sọ èdè wọn gba owó lọ́wọ́ wọn lórí yàrá kan ṣoṣo. Èdè kan náà tó fi tù wọ́n nínú ló fi mú wọn. Mo mọ obìnrin kan tí kò lè lọ sí kíláàsì èdè nítorí pé ẹbí ọkọ rẹ̀ wà ní àjà kẹta àti ìkeje, wọ́n sì ń ṣọ́ ìgbà tó jáde àti ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Fún òun, àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, irú èyí tó fẹ́ pa mí, ìtura ni ì bá jẹ́. Nígbà tó kó lọ nígbẹ̀yìn, ó ní ohun àkọ́kọ́ tí òun ṣe ni pé òun rìn yí ilé náà ká ní alẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo sì rántí ọkùnrin méjì tí wọ́n fi sí àjà kan náà nítorí pé ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, èdè kan náà sì ni wọ́n ń sọ. Ogun ló lé àwọn méjèèjì wá, ṣùgbọ́n ìhà kan kọ́ ni wọ́n wà nínú ogun náà. Ẹni tó pín ilé rí orúkọ orílẹ̀-èdè lórí ìwé, ó sì rò pé inú rere ni òun ṣe. Èmi ni mo túmọ̀ ẹjọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé "a ó fi yín sáàárín àwọn ènìyàn yín," mo máa ń bi ẹni tọ́rọ̀ kàn, ní kọ̀rọ̀, àwọn wo ni ènìyàn rẹ̀.

Fún ọdún méjì, mo wà lára àwọn tó ń ṣètò ìpàdé ìkíni káàbọ̀ láàárín àwọn onílẹ̀ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A tò àga, a pe olórí àdúgbò, a ya fọ́tò. Àwọn onílẹ̀ dìde láti kí àwọn àlejò káàbọ̀, àwọn àlejò dìde láti dúpẹ́, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ó rẹ̀ mí lọ́kàn nítorí mo fi tọkàntọkàn ṣe é. Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1954 pé kí ìpàdé tó lè mú ẹ̀tanú kúrò, ó yẹ kí àwọn tó pàdé wà ní ipò kan náà, kí wọ́n ní ohun kan tí wọ́n jọ ń lépa, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí, kí àwọn aláṣẹ sì tì í lẹ́yìn. Nínú ìpàdé tiwa, ẹnì kan ni onílé, ẹnì kejì ni àlejò, títí ìpàdé fi tú. Nínú yàrá ìfọṣọ, kò sí onílé. Pátákó yẹn kò bi ẹnikẹ́ni pé níbo lo ti wá, bí wákàtí rẹ bá pé, ó pé. Màmá onílẹ̀ yẹn àti èmi, ẹ̀rọ kẹta ni ọ̀tá àwa méjèèjì, ẹni kan náà tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa ni a sì jọ ń kọ̀wé sí pé kó wá tún un ṣe.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ sí ohun tí mò ń gbọ́ láti Denmark. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2018 kan àwọn àdúgbò tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí àwọn àtìpó àti ọmọ wọn pọ̀ níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ ọdún kan máa lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dín ilé ìdílé tí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ń yá ni kù sí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilé tó wà ní àwọn àdúgbò kan títí di 2030, ì báà jẹ́ nípa títà tàbí wíwó. Ti àwọn ọmọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ipá mú òbí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí pápá ìṣeré ṣe fún ọmọ mi. Ti wíwó ilé ló ń dùn mí. Bí wọ́n bá fọ́n àwọn ará ilé kan ká, wọ́n lè ka iye àtìpó tó kù ládùúgbò náà. Ta ni yóò ka àwọn tó mọ ọjọ́ tí èrò kì í pọ̀ ní ọ́fíìsì?

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí ilé alájà mẹ́sàn-án yẹn. Wọ́n ti tún un ṣe. Onílé ti fi ẹ̀rọ ìfọṣọ sínú ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá ìsàlẹ̀ pa. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rọ inú ilé kò dára, èmi tí inú mi dùn sí tèmi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá àgbà náà, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, sọ fún mi pé ìdílé mẹ́rin ló ti kó wọ àjà òun láti ìgbà náà, òun kò sì mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn ayálégbé kan fẹ́ kí onílé ṣí yàrá náà padà, kí ó fi tábìlì àti àga sí i, kí ó sì fi ẹ̀rọ méjì sílẹ̀ níbẹ̀ fún aṣọ tó tóbi. Wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà. Màmá ní èmi ni kí n bá wọn kọ ọ́, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wá ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì ń gbọ́, èmi sì ti mọ̀ wọ́n.

Mo kọ ọ́ lórí tábìlì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní èdè rẹ̀. Ó fi awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, ó sì fọwọ́ sí i kí ó tó gbé e lọ kan ilẹ̀kùn àwọn mẹ́rin tó wà lájà rẹ̀.